Owó tí ẹ̀ ń dà nù sórí búlọ́ọ̀gù: àṣìṣe tí mo ń rí lójoojúmọ́ ní Òṣogbo

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fìà, ó to rìsíìtì mẹ́rin sórí tábìlì: ti domain (orúkọ tí wọ́n fi ń rí búlọ́ọ̀gù lórí íntánẹ́ẹ̀tì), ti hosting (ibi tí búlọ́ọ̀gù ń gbé) ọdún mẹ́ta tó san lẹ́ẹ̀kan náà, ti theme (ìrísí ojú ewé rẹ̀), àti ti ẹni tó ya lógò fún un. Ó ní kí n bá òun wo ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi wá ka búlọ́ọ̀gù òun. Mo bi í pé àpilẹ̀kọ mélòó ló wà níbẹ̀. Ó ní òun kò tíì kọ nǹkan kan, òun ń retí kí gbogbo ẹ̀ parí ná.

Inú bí mi. Owó tí ọmọ yẹn kó lé e, owó òógùn ojú ni. Ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń rí irú ẹ̀ nílùú yìí. Kò dín, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Ẹni tó ti mọ ohun tó ń jẹ́ búlọ́ọ̀gù, tó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ni mo ń bá wí.

Èkíní: ríra ohun gbogbo kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Blogger, ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè ṣí búlọ́ọ̀gù, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní Blogspot, ti wà láti 1999. Google rà á ní 2003, ọ̀fẹ́ ni títí dòní. Bí ẹ bá ní Gmail, ẹ ti ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ lọ kọ àpilẹ̀kọ mẹ́wàá síbẹ̀. Bí mẹ́wàá bá pé tí ìkọkànlá ṣì ń wù yín kọ, ẹ wá lọ ra domain. Ẹ lè so ó mọ́ Blogger yẹn gan-an láìsan kọ́bọ̀ fún hosting. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo mọ̀ kò dé ẹ̀kẹrin tó fi rẹ̀ wọ́n. Ká ní wọ́n fi ọ̀fẹ́ dán ara wọn wò ni, owó wọn ì bá ṣì wà lápò wọn.

Èkejì: WordPress náà jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń ṣe búlọ́ọ̀gù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò mọ ìyàtọ̀ láàárín WordPress.com àti WordPress.org. Ti .com, àwọn fúnra wọn ló ń gbà yín sílé. Ti .org, ọ̀fẹ́ ni software náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa wá hosting fún un. Kí ẹni tó bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ yín sọ èwo ni kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀kẹta: jíjẹ́ kí ẹlòmíràn fi orúkọ ara rẹ̀ ra domain yín. Ẹ fara balẹ̀ bá mi ka èyí, torí òun gan-an ló gbé mi dé ìdí kíkọ.

Ní 2013, mo bẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀gù kan nípa oúnjẹ àti ọjà Òṣogbo. Mo fún ẹnì kan tó ń ṣe wẹ́ẹ̀bù lówó pé kó bá mi ra orúkọ tí mo fẹ́. Ó rà á lóòótọ́. Orúkọ rẹ̀, ímeèlì rẹ̀ àti password rẹ̀ ló fi rà á. Mi ò bi í léèrè, torí èrò mi ni pé ohun tí mo bá fowó mi rà, tèmi ni. Ọdún dé, mo fún un lówó, ó bá mi san án. Ọdún kejì náà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Kí ọdún kẹta tó pé, ó ti kó kúrò nílùú, ó sì ti pààrọ̀ nọ́ńbà. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni mo ṣí búlọ́ọ̀gù mi, mo bá ojú ewé funfun báláú, ìlà kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀: àkókò orúkọ yìí ti tán.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí .com tí àkókò rẹ̀ bá tán, torí mo fi owó àti omijé kọ́ ọ ni. ICANN, àjọ tó ń ṣe kòkáárí orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, fi dandan lé e pé kí ẹni tó ta domain rán ẹni tó rà á létí lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán, kí ọjọ́ tó pé: nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, àti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Bí ọjọ́ bá tún kọjá láìsí owó, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ òmíràn láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ímeèlì tó wà lórí ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Tèmi kò sí níbẹ̀. Bí ẹni tó ta domain bá wá pa á rẹ́, 30 ọjọ́ máa wà tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣì lè fi owó gọbọi rà á padà. Bí ìyẹn náà bá kọjá, wọ́n á tì í pa fún ọjọ́ márùn-ún, wọ́n á wá tú u sílẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé.

Inú 30 ọjọ́ yẹn ni mo pe àwọn tó ta domain náà. Owó wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n bi mí ní orúkọ àti ímeèlì tó wà lórí ẹ̀, mo sọ tèmi, wọ́n ní kò bá a mu. Wọn ò ṣẹ̀ mí. Bí àwọn bá ń gbé domain fún gbogbo ẹni tó bá ṣáà ti pe fóònù, ta ló máa sùn? Mo jókòó, mò ń ka ọjọ́. Ẹlòmíì rà á. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá tẹ línkì ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí mo kọ, èyí tí àwọn èèyàn ti pín kiri lórí Facebook, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ló máa bá níbẹ̀.

Nígbà tó yá, ìyá kan tó ń ṣe àdìrẹ wá bá mi, èékánná rẹ̀ dúdú fún aró. Ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, bá mi wò ó. Ẹni tó ṣe é fún mi ní kí n mú ìlọ́po mẹ́rin owó èṣí wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun máa tì í."

"Mà, ímeèlì ta ló fi rà á?"

"Ṣé mo mọ̀yẹn? Mo ṣáà fún un lówó."

Ọ̀rọ̀ tèmi gan-an ló ń sọ yẹn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé òǹtajà yẹn ṣì ń gbé fóònù. A pè é, a bẹ̀ ẹ́, a tún le díẹ̀ sí i, ó ṣí domain náà, ó sì fún wa ní kóòdù tí wọ́n fi ń gbé domain láti ibì kan lọ síbòmíì. A gbé e sí àkáǹtì tí ìyá náà fi ímeèlì ara rẹ̀ ṣí.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún. Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó, ẹ ṣí àkáǹtì fúnra yín lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta domain, pẹ̀lú ímeèlì tí ẹ̀ ń yẹ̀ wò. Bí ẹlòmíì bá máa bá yín tẹ̀ ẹ́, kó jókòó tì yín tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ gba kóòdù yẹn lónìí tí ẹ ṣì jọ ń kí ara yín. Domain .com tí kò tíì pé 60 ọjọ́ tí wọ́n rà á kì í sábà ṣeé gbé kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó tà á, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé "ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi ṣe é, kò lè ṣe mí bẹ́ẹ̀." Ẹ̀gbọ́n yín lè rìnrìn àjò. Ó lè gbàgbé password. Ó lè ṣàìsí.

Ẹ̀kẹrin: ẹ má tẹ ìpolówó orí búlọ́ọ̀gù ara yín, ẹ má sì ní kí ọ̀rẹ́ bá yín tẹ̀ ẹ́. Google lè ti AdSense yín pa, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń san owó ìpolówó fún oníbúlọ́ọ̀gù.

Bí a ṣe dárúkọ AdSense, ẹ má fi owó rẹ̀ dá àwìn. Ó dìgbà tí owó yín bá pé dọ́là 100 kí wọ́n tó san án. Nígbà tó bá sì dé dọ́là 10, wọ́n á fi lẹ́tà tó ní nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí ẹ kọ. Mo ti rí ẹni tó kọ "ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, Alékúwodò" tó wá ń bínú pé lẹ́tà kò dé. Àdírẹ́sì tí onílẹ́tà lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ ni kí ẹ kọ.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ńkọ́? Fọ́tò kan tí fóònù yà lè tó MB 4. Bí ẹ bá gbé mẹ́fà bẹ́ẹ̀ sójú ewé kan, MB 24 lẹ ní kí òǹkàwé fi dátà rẹ̀ san yẹn. Lọ́jọ́ kan, nínú kòròpé láti Ìgbọ̀nà, mo jókòó ti ọmọbìnrin kan tó ń ṣí búlọ́ọ̀gù onísè kan tí mo mọ̀. Àwòrán àkọ́kọ́ ń já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti òkè: etí abọ́ yọ, èéfín yọ. Kó tó kan ọbẹ̀, ọmọ náà ti pa á dé. Onísè yẹn kò mọ̀ pé òun pàdánù ẹnikẹ́ni. Ẹ dín fọ́tò kù kó má ju KB 200 lọ kí ẹ tó gbé e síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Yorùbá, inú mi ń dùn sí yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ yọ àmì kúrò. Owó, ọwọ́ àti ọ̀wọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ yọ àmì kúrò nínú línkì. Bí línkì bá ní "ọ" nínú, tí ẹ bá dà á kọ sórí WhatsApp, ó lè di %E1%BB%8D, línkì náà á wá gùn gbọọrọ bí ìwé àwọn gbájú-ẹ̀, àwọn èèyàn á sì bẹ̀rù láti tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó sanwó theme, ẹ kọ ẹ́, ọ̀, ṣ síbẹ̀ ná. Bí àmì bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, tàbí tí àpótí òfìfo bá jáde, ẹ fi theme náà sílẹ̀.

Ẹ má da àpilẹ̀kọ ẹlòmíì kọ. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022 fún ẹni tó ni iṣẹ́ láyè láti ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Ẹ máa fi ẹ̀dà ohun tí ẹ kọ pamọ́ síbòmíì.

Àti àwọn búlọ́ọ̀gù oṣù kẹjọ. Bí Ọdún Ọ̀ṣun bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n á máa hù ní Òṣogbo bí olú. Gbogbo wọn á sọ pé UNESCO ka Igbó Ọ̀ṣun mọ́ ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, wọ́n á dárúkọ Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger, òyìnbó tó ṣiṣẹ́ ọnà sínú igbó náà), wọ́n á gbé fọ́tò Arugbá kan náà síbẹ̀, ó parí. Oṣù kẹsàn-án, gbogbo wọn ti dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú yìí, ẹ sọ alẹ́ àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún láti ibi tí ẹ̀yin fẹsẹ̀ yín dúró sí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ padà sórí ohun tí ẹ mọ̀ fún oṣù mọ́kànlá tó kù. Àpilẹ̀kọ tí wọ́n ń kà jù lórí búlọ́ọ̀gù ìyá aládìrẹ yẹn ni èyí tó fi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fọ àdìrẹ tuntun tí aró rẹ̀ kò fi ní í ran aṣọ mìíràn. Ìdí tó fi kọ ọ́ ni pé àwọn oníbàárà ò yéé pè é lórí ẹ̀.

Kí onírìsíìtì mẹ́rin yẹn tó lọ, a yẹ domain rẹ̀ wò. Ímeèlì ẹni tó tà á fún un ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ 36 rẹ̀ nìyẹn, ó ku 24 kó tó ṣeé gbé. A kọ ọjọ́ tó máa pé sẹ́yìn rìsíìtì àkọ́kọ́, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a sápò.