Bí Mo Ṣe So Àwọn Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Mọ́ Server ní Ilé Ìtẹ̀wé Kan ní Ṣómólú

Ṣómólú ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ń gbé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ lọ, ìbáà jẹ́ káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà tàbí ìwé ètò ìsìnkú. Ní ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ṣe iṣẹ́ yìí, flash ni wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ oníbàárà láti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíràn, fáírọ́ọ̀sì sì ti ba ọ̀pọ̀ fáìlì wọn jẹ́ kí Alhaja tó ni ibẹ̀ tó ra server kékeré kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àwọn yòókù ń tọ́jú fáìlì sí, tí Linux àti Samba (ètò tó ń jẹ́ kí Windows rí fáìlì orí rẹ̀) wà lórí rẹ̀, tí wọ́n sì ní kí n so gbogbo kọ̀ǹpútà náà mọ́ ọn. Windows 7 ló wà lórí púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n èyí tó ń darí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé sítíkà ṣì ń lo Windows XP, nítorí pé ẹ̀rọ náà kò ní driver, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà darí ẹ̀rọ, fún Windows òmíràn.

Wáyà àti bátìrì ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì Cat5e lè gbé iṣẹ́ dé 100 mítà, nítorí náà ọ̀nà kò jìn jù. Orí wáyà tó ti kán ni mo gé dànù, tí mo sì tẹ tuntun sí i. Mo pààrọ̀ bátìrì CR2032 tó ń gbé aago dúró nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí aago wọn ń padà sẹ́yìn nígbàkúùgbà tí iná bá lọ. Àwọn ènìyàn kì í ka aago yìí sí, ṣùgbọ́n fáìlì tí a bá dà kọ láti orí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ yóò gbé ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ sórí server, ẹni tó ń tẹ̀wé kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ àtúnṣe ìkẹyìn. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi ètò Kerberos ṣọ́ ìwọlé, tí aago bá fi ju ìṣẹ́jú 5 lọ yàtọ̀ sí ti server, kò ní jẹ́ kí ènìyàn wọlé rárá.

Lẹ́yìn èyí ni mo fún server ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà, 192.168.1.10, mo sì yan nọ́ḿbà fún Windows 7 kọ̀ọ̀kan lábẹ́ subnet mask 255.255.255.0 (tó ń fi hàn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni gbogbo wọn wà), láàárín àwọn èyí tí router kì í pín fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ààyè Default gateway, ìyẹn àdírẹ́sì ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń gbà jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀ lófìfo. Láti ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020 ni Microsoft ti dá àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 7, nítorí náà mo fẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà yìí dé ọ̀dọ̀ server, kí wọ́n sì mọ níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà tuntun kan ló ń gba iṣẹ́ tí oníbàárà bá fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì ń kó o sórí server fún àwọn yòókù. Mo fi àṣẹ ping wò ó bóyá wọ́n ń rí server, ó sì dáhùn; mo fi smbpasswd, àṣẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé ti Samba, fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀, mo sì fi Map network drive sọ fódà iṣẹ́ orí server di Z:, kí ó lè hàn bíi drive kan lórí kọ̀ǹpútà wọn.

XP ló gba àròjinlẹ̀. SMB1, ẹ̀yà àtijọ́ èdè tí Windows àti Samba fi ń pín fáìlì, nìkan ló gbọ́, Samba kò sì gba SMB1 mọ́ láti ẹ̀yà 4.11 ti ọdún 2019, àfi tí a bá fọwọ́ ara wa ṣí i. Ìlà kan ṣoṣo nínú smb.conf, fáìlì ètò Samba, ló lè ṣí i, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gé sítíkà sì ń bẹ̀ mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i." Mo ṣàlàyé fún un pé ihò inú SMB1 ti Windows ni fáírọ́ọ̀sì WannaCry gbà ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, tó fi ti fáìlì àwọn ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa, àti pé kò yẹ kí a tìtorí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo fi iṣẹ́ gbogbo oníbàárà sínú ewu. Mo yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúrò lára XP náà pátápátá, flash kan tí wọn kò fi ṣe nǹkan mìíràn ló sì ń gbé iṣẹ́ sítíkà láti orí Z: lọ síbẹ̀.

Nígbà tí iná lọ, tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, àmì pupa hàn lára Z: nítorí pé àwọn kọ̀ǹpútà ti tàn tán kí server tó ṣetán. Alhaja gbà láti ra UPS, tó ń fún ẹ̀rọ ní iná fún ìgbà díẹ̀ tí iná bá lọ, fún server àti switch tó so gbogbo wáyà pọ̀, mo sì lẹ ìwé mọ́ ògiri pé server ni kí wọ́n kọ́kọ́ tàn ní òwúrọ̀, òun náà ni kí wọ́n pa kẹ́yìn, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fa wáyà rẹ̀ yọ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì láti fi pa á.