Àga mẹ́ta, bírò pupa kan: bí a ṣe ń kọ ìtàn ipò

Ọdún 26 ni mo fi tọ́jú fáìlì òṣìṣẹ́ ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ọmọ àbúrò mi gbé iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá, lórí ọ̀gá tó ń darí ọ̀rọ̀ bàálù àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìlà kẹta ni mo kà dé tí mo ti dá a dúró. Ipò mẹ́ta ló pa pọ̀ bíi pé ipò kan ni.

Ẹ fi orúkọ èèyàn sílẹ̀ ná, oyè ni kí ẹ wá. Ẹ fa ìlà mẹ́ta sórí ìwé, àga kan sí ìlà kan, kí ẹ to ọdún sí ìsàlẹ̀.

Ìlà kìíní ni ti olórí Ẹ̀ka Ọkọ̀ Òfuurufú nínú iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1921. William Moffett ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Orí oyè ló wà tí ọkọ̀ òfuurufú Akron fi já sókun pẹ̀lú rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1933.

Ìlà kejì, olóṣèlú ló ni ín: Olùrànlọ́wọ́ Akọ̀wé (bíi mínísítà) iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi fún ọ̀rọ̀ òfuurufú, ẹni tí Ààrẹ ń yàn, tí kì í wọ aṣọ ológun. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1926. David Ingalls fi í sílẹ̀ ní 1932, ó lọ du ipò gómìnà Ohio. Wọn ò fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀ mọ́ títí di 1941, tí Artemus Gates dé. Ibí ni wọ́n ti ń ṣìnà jù: wọ́n á fa ìlà láti ọ̀dọ̀ Ingalls dé ọ̀dọ̀ Gates bíi pé ẹnì kan ń gba owó oṣù níbẹ̀. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀, kí ẹ fi bírò pupa kọ “òfìfo” síbẹ̀. Owó wọ́n Amẹ́ríkà nígbà náà. Ìgbà tí ogun ń kanlẹ̀kùn ni wọ́n tún rántí àga.

Ìlà kẹta bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1943: igbákejì ọ̀gá àgbà ọmọ ogun ojú omi, fún òfuurufú. John S. McCain ni wọ́n fi síbẹ̀. Òun kan náà ló ń darí Ẹ̀ka yẹn láti 1942, nítorí náà orúkọ rẹ̀ á wà lórí ìlà méjì. DeWitt Ramsey ló gba Ẹ̀ka lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá béèrè ohun tí èmi máa ń béèrè: fáìlì wo ló ṣí kúrò? Ètò ogun, òṣìṣẹ́ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá McCain lọ; kíkọ́ bàálù àti rírà wọn kò kúrò ní Ẹ̀ka. Ní 1944, McCain padà sójú omi, Aubrey Fitch sì gbapò.

Ọmọ wa kọ ọ́ pé McCain yìí ló bá Obama du ipò Ààrẹ. Bàbá bàbá ẹni tó bá Obama dù ú ni! 1936 ni wọ́n bí ọmọ-ọmọ, ọdún kan náà tí bàbá àgbà gba ìwé-ẹ̀rí awakọ̀ bàálù, lẹ́ni ọdún 52. Tó bá jẹ́ ọmọ-ọmọ ni, ọmọ ọdún mẹ́fà ni ì bá máa pàṣẹ fún àwọn ádímírà, àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi.

Ó ti tún un kọ. Àlàfo 1932 sí 1941 gba ìdajì ojú ìwé, bírò pupa mi sì bá a lọ.