Bí agbowó gbèsè bá ń pè yín nítorí bíìlì ọsibítù ní Amẹ́ríkà

Ẹ má san sẹ́ǹtì kan lórí fóònù. Ẹni tó ń pè lè jẹ́ òṣómàáló tí ọsibítù gbé gbèsè náà lé lọ́wọ́, ó sì lè jẹ́ gbájúẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1977 lórí gbèsè gbígbà, tí wọ́n ń pè ní FDCPA, sọ pé láàárín ọjọ́ 5 tí agbowó bá kọ́kọ́ kàn sí yín, ó gbọ́dọ̀ ti fi iye owó náà àti orúkọ ẹni tí ẹ jẹ ránṣẹ́ ní àkọsílẹ̀.

Níjọ́ tí ìwé yẹn bá dé, ẹ kọ déètì sára àpòòwé. Ọjọ́ 30 lẹ ní láti fi kọ̀wé pé ẹ kò gbà. Lẹ́tà náà kò gùn: orúkọ yín, nọ́ńbà tó wà lórí ìwé wọn, àti "I dispute this debt. Please send verification." Ẹ fi certified mail ránṣẹ́, ìyẹn lẹ́tà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń fún yín ní ẹ̀rí pé ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì. Wọ́n gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró títí wọn yóò fi fi ẹ̀rí ránṣẹ́. Àríyànjiyàn orí fóònù kò lè dá wọn dúró. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ pè yín kí aago 8 àárọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn aago 9 alẹ́, tàbí kí wọ́n fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ yín. Òfin yìí kò ká ọsibítù tó ń gbowó ara rẹ̀ o.

Ọ̀tọ̀ lohun tó ká ọsibítù, òun ló sì lè pa gbèsè náà rẹ́ pátápátá. Ọsibítù nonprofit, ìyẹn èyí tí kì í san owó orí, gbọ́dọ̀ ní ètò ìrànwọ́ fún aláìní. Ẹ béèrè fọ́ọ̀mù "Financial Assistance". Láti ọjọ́ bíìlì àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́yìn tí ẹ kúrò ní ọsibítù, ọjọ́ 240 lẹ ní láti fi kọ fọ́ọ̀mù náà kí ẹ sì fi ránṣẹ́. Nínú ọjọ́ 120 àkọ́kọ́, wọn kò gbọ́dọ̀ pè yín lẹ́jọ́ tàbí fi yín sun iléeṣẹ́ credit, ìyẹn àwọn tó ń kọ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tó ní ìnṣọ́ránsì náà lè gbà á. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni ìwé tí kò pé: wọ́n ní kí ẹ mú ẹ̀rí owó oṣù wá, ẹ kò fèsì, fáìlì wá di àpatì. Ẹ má sì fi káàdì san án ṣáájú. Tó bá ti bọ́ sórí káàdì, gbèsè báńkì ló dà.

Ẹ gba bíìlì tó to gbogbo nǹkan lẹ́sẹẹsẹ, ẹ wo ohun tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì. Láti January 2022 ni òfin No Surprises Act ti ní kí wọ́n má gba owó àfikún lọ́wọ́ ẹni tó ní ìnṣọ́ránsì fún ìtọ́jú pàjáwìrì nítorí pé ọsibítù náà kò sí lára àwọn tí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀ bá ṣàdéhùn. Áńbúláǹsì orí ilẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Bí ìwé kóòtù bá dé, ẹ fèsì kí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ tó pé, kódà bí ẹ bá jẹ gbèsè náà lóòótọ́. Ẹni tó dákẹ́ ni wọ́n ń dá lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n lè yọ tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù. Texas kò gba èyí láyè fún irú gbèsè yìí, ṣùgbọ́n wọ́n lè fọwọ́ kan owó tó ti wọ báńkì. Bí gbèsè náà bá ti pẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye ọdún tí ìpínlẹ̀ yín fi sílẹ̀ fún ìpẹ̀jọ́. Dọ́là 20 tí ẹ ju sí wọn kí wọ́n má baà yọ yín lẹ́nu, ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, lè mú kí ọdún náà bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.