Bí orúkọ mi ṣe wọ rótà tíì ní họ́ọ̀lù abúlé wa ní Scotland

Oṣù kẹsàn-án ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin abúlé wa fún mi ní ìwé pélébé kan tó kéré débi pé ó wọ inú póòsì, wọ́n ń pè é ní syllabus, mo tiẹ̀ kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ dá mi padà sílé ìwé ni. Inú ẹ̀ ni wọ́n to gbogbo ìpàdé wọn sí, oṣù kẹwàá títí wọ oṣù karùn-ún, ẹni tó ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀, ìdíje tí wọ́n máa ṣe, àti orúkọ àwọn tó máa po tíì lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyẹn ni rótà tíì. Mo ń fi ìka wò ó lọ, mo dé oṣù kọkànlá, àfi orúkọ tèmi gbàgà! Ẹnikẹ́ni ò bi mí o. Kò sẹ́ni tó ní "ṣé á rọ̀ ẹ́ lọ́rùn?" Wọ́n kàn kọ ọ́ síbẹ̀ ni.

Kí n tó máa bá a lọ, abúlé kan ní East Lothian ni mò ń gbé, kò jìnnà sí Haddington, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló gbé mi débẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kan, ṣọ́ọ̀bù kan, ilé ọtí kan, oko bálì àti oko ọ̀dùnkún yí wa ká, ó wá ku họ́ọ̀lù. Mo lo bí oṣù mẹ́jọ níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ èmi àtàwọn ará abúlé ò kọjá "òjò yìí mà pọ̀ o", "ó pọ̀ lóòótọ́". Kì í ṣe pé wọ́n burú, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ẹ, wọ́n á bá ẹ ti mọ́tò tó bá kọṣẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa kanlẹ̀kùn ẹ láìṣe pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Àwa tá a máa ń yà sílé ara wa torí pé a ń kọjá lọ, ó le fún mi gan-an.

Màmá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ló yọ mí. Ẹni ọdún 84 ni, ó ní kí n máa pe òun lórúkọ, èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, kí n la ẹnu pe ẹni ọdún 84 lórúkọ lásán! A fà á títí, ó gbà kí n máa pe òun ní Màmá, ó tún wá ń fi yangàn lójú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Òun ló ní kí n bá òun lọ sí "the Rural" lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ni, Scottish Women's Institutes ni wọ́n ń jẹ́ báyìí, láti 2015 ni wọ́n ti yọ Rural kúrò nínú orúkọ náà, àmọ́ ẹnu àwọn àgbà ò gbà á, Rural náà ni wọ́n ṣì ń pè é.

Ìtàn ẹgbẹ́ yẹn ò tiẹ̀ jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa. Kánádà ni irú ẹ̀ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1897, ó dé Wales ní 1915, nígbà tó di 1917 tí ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́, Catherine Blair, ìyàwó àgbẹ̀ kan ní oko Hoprig Mains, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dá àkọ́kọ́ ti Scotland sílẹ̀ ní Longniddry. Longniddry tí mo ti máa ń wọ rélùwéè lọ sí Edinburgh! Ìyá yìí kan náà ló máa ń fi àwọn obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò pamọ́ sóko ẹ̀ tí wọ́n bá tẹ̀wọ̀n dé, ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kéèkì nìkan. Ohun tó ń ká a lára ni pé obìnrin oko ò ríbi jókòó sí. Ọkọ á lọ sọ́jà màlúù, á pàdé ẹgbẹ́ ẹ̀, á gbọ́ ìròyìn, ìyàwó ńkọ́? Látinú ilé sí ìdí màlúù ni, ó parí.

Bí wọ́n ṣe pè é ní ẹgbẹ́, èmi ti ń retí aṣọ ẹbí, mo ń retí àjọ, mo tiẹ̀ ń ronú ohun tí màá fi ṣe tó bá kàn mí. Kò sí ọ̀kankan níbẹ̀. Owó ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, ó tán. Rótà lohun tí wọ́n fi ń mọ ọmọ ẹgbẹ́.

Àwa mẹ́ta lorúkọ wa wà fún oṣù kọkànlá, èmi, obìnrin kan tó ń sin àgùntàn, àti tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Alágùntàn ló pè mí lórí fóònù, òun máa ṣe sáńwíìṣì, tíṣà máa ṣe kéèkì, kí n gbé mílíìkì wá àti "nǹkan kékeré kan". Mo ní ṣé kí n se jọ̀lọ́ọ̀fù? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní ohun tó dáa jù ni ohun téèyàn lè fi ọwọ́ kan jẹ tí ọwọ́ kejì á di kọ́ọ̀pù mú. Ó bọ́gbọ́n mu. Mo ní ó dáa, màá dín puff-puff. Ó bi mí bóyá dónọ́ọ̀tì ni, mo ní àbúrò ẹ̀ ni.

Ìdíje tọjọ́ yẹn wá ni shortbread, bísíkíìtì oníbọ́tà wọn, ègé mẹ́rin. Èmi tí mi ò rí i rí àfi nínú agolo lọ́jọ́ Kérésì! Màmá wá sí kíṣìnì mi fúnra ẹ̀. Ó ṣí fríìjì mi, ó rí màjàrín, ó wò ó bí ẹni wo òkú eku, ó padà sílé ẹ̀ lọ mú bọ́tà gidi wá. Ìṣirò ẹ̀ rọrùn, ṣúgà ọ̀kan, bọ́tà méjì, ìyẹ̀fun mẹ́ta, tó bá jẹ́ àáńsì lò ń lò á jẹ́ 2, 4, 6, kò sí ẹyin, kò sí omi, kò sí yíìsì. Ọwọ́ ló wà níbẹ̀. Èmi ti ń pò ó bí ẹni ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, ó gbá mi lọ́wọ́, ó ní tí n bá fi agbára pò ó ó máa le bí òkúta, ìka ni kí n fi máa fọ́ bọ́tà sínú ìyẹ̀fun kó tó di pé ó fà mọ́ra, ọwọ́ tútù ló sì fẹ́ (tutù kẹ̀, ní Scotland, ìyẹn ò wọ́n mi). A tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, a fi fọ́ọ̀kì gún un káàkiri, a gbé e sínú ààrò tí iná ẹ̀ ò pọ̀, bí 160. Àkọ́kọ́ tí èmi nìkan dán wò lọ́jọ́ kejì, mo jẹ́ kó pọ́n dáadáa kó fani mọ́ra, Màmá ní ó ti jóná. Funfun ràkọ̀ràkọ̀ ni wọ́n fẹ́ ẹ, bí ẹni tí ò rí oòrùn rí. Ìkejì ló dáa, mo gé e nígbà tó ṣì gbóná, mo wọ́n ṣúgà sí i lórí.

Ọjọ́ pé. Ìparí oṣù kọkànlá lọ́dọ̀ wa, oòrùn ti wọ̀ kó tó lu aago mẹ́rin ọ̀sán, mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú họ́ọ̀lù, mo wọlé, inú ibẹ̀ dà bí inú fírísà. Iná ibẹ̀, mítà tó ń jẹ kọ́ìnì ló ń gbé e, pọ́ùn kan pọ́ùn kan lo máa máa sọ sí i lẹ́nu. Mo sọ mẹ́ta, mo tan hítà, mo wá dojú kọ urn, àgbá omi gbígbóná ńlá tó lẹ́nu ẹ̀rọ nísàlẹ̀. Ẹ gbọ́ eléyìí tẹ́ ẹ bá bá ara yín nídìí ẹ̀ lọ́jọ́ kan: ẹ bu omi sí i kẹ́ ẹ tó tan án, ẹ fún un ní wákàtí kan gbáko, kẹ́ ẹ sì wo ara ògiri dáadáa. Èmi tẹ bọ́tìnì tó wà lára ẹ̀, mo lọ ń to kọ́ọ̀pù, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá, mo fọwọ́ kàn án, tútù bí ojú òkú. Swíìṣì mìíràn wà lára ògiri nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti pa. Ìpàdé aago méje ààbọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ ti lù. Alágùntàn wọlé, ó wo ojú mi, kò bi mí nǹkan kan, ó gbé kẹ́tùlù méjì kaná.

Tábìlì ìdíje wà lápá ọ̀tọ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí i, nọ́ńbà lo máa fi síwájú abọ́ ẹ, wọn ò gbọdọ̀ kọ orúkọ kí adájọ́ má bàa mọ ẹni tó ni ín. Mo gbé tèmi kalẹ̀, mo sáré padà sí kíṣìnì.

Ìpàdé bẹ̀rẹ̀, wọ́n ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, lẹ́tà tó dé, ta ló ń gbé mọ́tò lọ síbi báyìí, ìyẹn ò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Baba kan tó ń sin oyin ló wá sọ̀rọ̀. Mò ń gbọ́ ọ láti ojú ihò tí wọ́n ń gba oúnjẹ sí látinú kíṣìnì. Ó ní oyin kì í sùn ní òtútù, ṣe ni wọ́n máa ń kó ara wọn jọ yí ayaba wọn ká tí wọ́n á máa gbọ̀n kí ara wọn lè móoru, àti pé tí òtútù bá ti ń bọ̀, àwọn abo máa ń lé àwọn akọ jáde nínú ilé torí wọn ò ṣiṣẹ́ kankan, oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ. Họ́ọ̀lù hó yèè. Ìyá kan tí mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ rí ní "ọgbọ́n ń bẹ lórí oyin o".

Ibẹ̀ la wà tí ibi gbogbo ṣókùnkùn birimù. Owó mítà ti tán. Mi ò mọ̀gbà tí mo pariwo "Háà, NEPA!" láti kíṣìnì. Ẹnikẹ́ni ò mira níbẹ̀ o, wọn ò dìde, baba olóyin ń sọ̀rọ̀ lọ nínú òkùnkùn, mo gbọ́ tí póòsì ń ṣí lọ́tùn-ún lósì, ẹnì kan rìn lọ sọ kọ́ìnì sí i, iná dé. Màmá wá bi mí lẹ́yìn náà pé ta ni NEPA, mo ṣàlàyé títí, ó ní nígbà tóun wà lọ́mọdé oko àwọn náà ò ní iná, àtùpà ni wọ́n ń tàn.

Tíì wá kù. Ìkòkò tíì wọn tóbi, ó ní ọwọ́ méjì, á sì rẹ̀ ẹ́ lọ́rùn ọwọ́. Wọ́n máa ń fi omi gbígbóná ṣan inú ẹ̀ ná kó móoru kí ewé tíì tó wọ ibẹ̀. Ẹnì kan ń bu tíì, ẹnì kan ń tẹ̀lé e pẹ̀lú mílíìkì, olùsọ̀rọ̀ àti adájọ́ lẹ máa kọ́kọ́ fún. Èmi ni mílíìkì. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ bí mo ṣe ń dé iwájú ìyá kọ̀ọ̀kan, mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é, tíṣà ló sọ fún mi. Puff-puff ńkọ́? Ká má purọ́, àwọn kan gé e jẹ díẹ̀ wọ́n fi ìyókù pamọ́ sábẹ́ nápíkìnnì, mo rí wọn. Àmọ́ ìyá kan láti oko òkè, márùn-ún ló wé sínú bébà tó sọ sínú báàgì, ó ní ti ọkọ òun ni. Mi ò mọ̀ bóyá ọkọ náà rí i.

Adájọ́ wá dé orí shortbread. Mò ń na ọrùn. Ó kéde ìkíní, ìkejì, ìkẹta, kò sí tèmi níbẹ̀. Mo lọ wo abọ́ mi, mo bá káàdì kékeré lórí ẹ̀: Not according to schedule, kò bá ìlànà mu. Wọn ò tiẹ̀ tọ́ ọ wò. Ègé mẹ́fà ni mo gbé wá! Wọ́n ní mẹ́rin, mo ka mẹ́rin sínú abọ́ nílé lóòótọ́, mo wá rí i pé abọ́ náà ṣófo, mo fi méjì ṣe èènì. Ojú wo lo máa fi gbé mẹ́rin ṣánṣán fún àlejò? Mo ṣàlàyé èènì fún adájọ́, bí wọ́n ṣe máa ń bu ìrẹsì sí i fún ẹ lọ́jà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọ̀n ọ́n tán, tí ẹni tí ò bá fi èènì sí i a sì máa pè é ní ahun. Ó gbọ́ ọ dáadáa, ó mú ègé kan jẹ, ó ní ó dáa púpọ̀, ó sì fi káàdì náà sílẹ̀ níbẹ̀. Òfin ni òfin. Inú bí mi díẹ̀, mi ò ní parọ́.

Nínú ráfù, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì oríire tí wọ́n ń fà, hyacinth inú abọ́ ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo rò pé àlùbọ́sà ni, mo ti ń ṣírò ẹyin tí màá fi dín. Wọ́n ní òdòdó ni, kí n gbé e síbi tó ṣókùnkùn ná.

Gbogbo ènìyàn lọ, ó ku àwa mẹ́ta nídìí síìnkì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣíbí tíì họ́ọ̀lù jẹ́ 48, o gbọ́dọ̀ kà á pé kó o tó tilẹ̀kùn, a ka 47, a tú pàǹtí, a rí i nínú ìdọ̀tí tíì. Láàárín fífọ̀ àti nínù yẹn ni tíṣà sọ fún mi pé ọkọ òun kì í mọ òun mọ́ ní ọjọ́ míì, pé òun mọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, òun ti ń fẹ́ bi mí léèrè nǹkan kan láti ìgbà òjò. Oṣù mélòó la ti jọ ń kí ara wa lójú títì! Alágùntàn ní òun ò mọ̀ bóyá Rural wa á rọ́dún tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe akọ̀wé, kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe akápò, ti àwọn abúlé míì ti kógbá wọlé bẹ́ẹ̀. Ó wá yé mi bí orúkọ mi ṣe dé orí rótà láìbéèrè. Ọwọ́ ò tó ni. Mo rò ó wò bóyá ó yẹ kó dùn mí, kò dùn mí, torí nílé náà, ọmọ tí wọ́n bá rí i pé ó lè fọ abọ́ ni wọ́n ń rán níṣẹ́.

Mo bi tíṣà léèrè ohun tó fẹ́ bi mí, a tún gbé kẹ́tùlù kaná, mítà gba pọ́ùn méjì sí i, aago mọ́kànlá ku díẹ̀ ká tó tilẹ̀kùn.

Mo délé mo wo syllabus. Oṣù kẹta, ìdíje: pancake mẹ́ta. Mo ti kọ MẸ́TA gàdàgbà sára fríìjì, mo fà á nídìí lẹ́ẹ̀mejì.