Ìtọ́sọ́nà fún ìdílé tí ó ń ti Àbújá lọ gbé ní etíkun Adelaide

Ẹ̀yin ìdílé Yorùbá ní Kubwa, Gwarinpa àti Lugbe tí físà yín sí ìlú Adelaide ní Ọsirélíà ti jáde, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń wá ilé, ẹ má fi ojú sí àárín ìlú nìkan. Glenelg, níbi tí wọ́n ti kéde ìjọba Gúúsù Ọsirélíà ní ọdún 1836, wà létíkun, tíráàmù sì ń ti àárín ìlú dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, nítorí náà Brighton, tí ó wà ní gúúsù rẹ̀, ni èmi yóò yàn fún ẹni tí ó ní ọmọ kékeré. Reluwé ń kọjá níbẹ̀, ilẹ̀ mìíràn sì dábùú òkun ní òdìkejì, kò jẹ́ kí ìgbì ńlá dé etí omi.

Ọ̀rọ̀ ilé gba sùúrù. Ní Àbújá, owó ọdún kan tàbí méjì ni onílé ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú owó ejẹ́ǹtì àti owó kọ́ṣọ̀n. Tèmi ní Lugbe kò padà wá títí di òní, ó sì dùn mí. Lọ́hùn-ún, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò owó ilé, ọ́fíìsì ìjọba ni ó sì ń tọ́jú owó ìdógò, kì í ṣe onílé. Bí wọ́n bá fún yín ní ìwé àyẹ̀wò ilé, ẹ má sáré fọwọ́ sí i. Ẹ rìn láti yàrá dé yàrá, kí ẹ kọ ojú ìṣó tí ó wà lára ògiri, táìlì tí ó sán àti àbàwọ́n orí kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò wọn, nítorí ohun tí ẹ kò bá kọ lè di gbèsè yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde.

Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ dání. Jẹ́lé-ó-sinmi yóò béèrè ẹ̀rí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni ó ní ààlà àdúgbò, nítorí náà ẹ wádìí èyí kí ẹ tó gba ilé.

Adágún Jabi ni omi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa mọ̀, wíwò ni wọ́n sì ń wò ó. Ní etíkun Ọsirélíà, àárín àsíá méjì tí ó ní àwọ̀ pupa àti yẹ́lò ni kí ẹ ti jẹ́ kí wọ́n wọ omi, nítorí ibẹ̀ ni àwọn adóòlà ẹ̀mí ń ṣọ́. Ibi tí ojú omi pa rọ́rọ́ láàárín ìgbì, tí ó dà bí ẹni pé ó dára jù fún ọmọdé, lè jẹ́ ibi tí omi ti ń fa ènìyàn lọ sínú agbami. Bí àsíá kò bá sí nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi iyanrìn ṣeré. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 000. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ náà kí wọ́n mọ̀ ọ́n sórí.