Owó wọ bánkì, kò lè jáde: bí a ṣe kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan fún yunifásítì wa

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan wà nínú ilé tuntun tí wọ́n kọ́ fún Business School ní yunifásítì wa. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ̀ka Ìkòròdú, la fowó kọ́ ọ. Ó ní fáànù, ó ní iná, ọ̀dà rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n kò ní àga. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé owó wa ni kò tó. Owó àga wà níbẹ̀ nígbà tí a ṣírò. Bánkì kan ló dá owó náà dúró títí ó fi rù mọ́ wa lọ́wọ́.

Èmi ni akápò, èmi ni gbogbo rẹ̀ já lé léjìká. Ẹ̀gbọ́n kan tí Ọlọ́run bù kún nídìí iṣẹ́ epo rọ̀bì ló dá èyí tó pọ̀ jù nínú owó ilé náà, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lókè ẹnu ọ̀nà. Kò burú. Dangote Business School ni wọ́n ń pe ti Bayero University ní Kánò, kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí ló dé. Àwa tí a kì í ṣe Dangote, ẹ̀ka kan, yàrá kan ni wọ́n pín fún wa. Ìkòròdú Ọ̀gá ò lè gbẹ́yìn, la bá mú èyí tó tóbi jù nísàlẹ̀.

Owó dídá kò le, n kò ní fi ìyẹn pẹ́ yín lójú. Alága kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀, àwọn oníṣòwò Sábó tẹ̀ lé e, àwọn olùkọ́ tó wà ní Odógúnyán ń san díẹ̀díẹ̀, àwọn ará London àti Kánádà sì ń bèèrè ibi tí àwọn yóò fi owó sí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wá. Kò sẹ́ni tó fẹ́ san án sí àkáǹtì èmi nìkan, èmi náà ò sì fẹ́ ẹ. Yunifásítì pàápàá ní orúkọ ẹgbẹ́ ni kí owó fi wá. A lọ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. CAMA ti ọdún 2020, òfin tí CAC ń lò, ní kí a kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn méjì, kí ọjọ́ 28 kọjá bóyá ẹnìkan á takò ó. Kò sẹ́ni tó takò wá. Ìwé jáde.

A gbé e lọ sí bánkì ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ọmọbìnrin tó gbà wá lálejò rẹ́rìn-ín títí. Ó ní àkáǹtì ti ṣí, kí àwọn èèyàn máa sanwó, pé "ìwé tó kù á máa bọ̀ lẹ́yìn, mà." Owó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Ìgbà tí a fẹ́ san ti àkọ́kọ́ fún yunifásítì ni wọ́n ní rárá. Wọ́n ti ti àkáǹtì náà lápá kan. Bí ìgèrè tí àwọn apẹja ń dẹ ní Bàyékù ló rí: ó ní ẹnu àbáwọlé, kò ní ti àbájáde.

Wọ́n ní a ò tí ì mú ìwé SCUML wá. SCUML ni ẹ̀ka tó wà lábẹ́ EFCC, tó ń ṣọ́ àwọn tó lè fi ẹgbẹ́ tàbí òwò bojú láti fọ owó ẹlẹ́gbin, ẹgbẹ́ bíi tiwa sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. N kò bá òfin yẹn jà. Ohun tó bí mi nínú ni pé wọn ò sọ ọ́ kí owó tó wọlé. Ọkùnrin kan tó máa ń rìn gbéregbère nínú bánkì náà ní òun á bá wa ṣe é, ó wá dá iye tó lè ra ọ̀pọ̀ báàgì símẹ́ǹtì lé wa. Ọ̀fẹ́ ni ìwé yìí o! Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà mi lálẹ́ nígbà tí iná wà, mo kọ ohun tí wọ́n béèrè sí i, mo sì gba ìwé náà fúnra mi. N ò lè ṣàì fi ìyẹn yangàn.

Mo gbé e lọ. Wọ́n tún rí òmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn trọ́sítì wa (àwọn tí a fi orúkọ wọn forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀), orúkọ ọkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé CAC, orúkọ bàbá rẹ̀ ló ṣì wà nínú BVN. Obìnrin tó ti wà nílé ọkọ kí wọ́n tó bí ọmọ bánkì yẹn! Ó lọ búra ní kóòtù, ó kéde nínú ìwé ìròyìn, ó mú ìwé ìgbéyàwó jáde. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ. "Ẹ ṣe sùúrù, mà, ó ti wà ní hẹ́ẹ̀dì ọ́fíìsì." Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, hẹ́ẹ̀dì ọ́fíìsì ṣáá. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, mo sọdá lọ sí Marina láti lọ fojú kan hẹ́ẹ̀dì ọ́fíìsì náà. Wọ́n ní Ìkòròdú ni fáìlì wà.

Náírà ò sì dúró dè wá. Oṣù kẹfà tí a ṣí àkáǹtì yẹn gan-an ni CBN tú u sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Dọ́là tí kò tó 500 náírà lọ́wọ́ ìjọba ti lé ní 1,400 kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí. Símẹ́ǹtì tí a fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ṣírò di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ìjọba pe àwọn iléeṣẹ́ símẹ́ǹtì jọ lóṣù kejì náà, wọ́n fẹnu kò sí 7,000 sí 8,000 náírà. Ẹ lọ bi àwọn tó ń tà á lọ́nà Ìgbògbò bóyá wọ́n gbọ́.

Lẹ́tà ló padà ṣí i. Mo to ọjọ́ tí mo mú ìwé kọ̀ọ̀kan wá sínú rẹ̀ àti ẹni tó gbà á (mo máa ń ní kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tèmi, ẹ̀yin náà ẹ máa ṣe é), mo sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀ka tó ń gbèjà oníbàárà ní CBN ló kàn tí n ó kọ̀wé sí. Mánija fúnra rẹ̀ ló pè mí, ó ń pè mí ní "Mọ́mì wa." Lọ́jọ́ kejì ni owó jáde.

Ti ilé kíkọ́, kò sí ìtàn níbẹ̀. Bí ẹ̀ka yín bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sínú àkáǹtì náà, kí ẹ fà á jáde, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni pé kó sanwó. Kí gbogbo trọ́sítì kó BVN àti NIN wọn sílẹ̀ kí ẹ tó fi orúkọ kan ránṣẹ́ sí CAC. Bó bá tún di tèmi, irin ni n ó máa fi owó rà bó ṣe ń wọlé. Símẹ́ǹtì lè dì, irin kì í dì. Kí ẹ sì gba ìwé lórí orúkọ tí wọn yóò kọ sára ògiri. "Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde" lásán ni wọ́n fẹ́ kọ sí tiwa. Alága ní kò sẹ́ni tó máa gbé Ìkòròdú pamọ́, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà. Mo ya fọ́tò níbẹ̀ ju bí mo ṣe yà níbi ìgbéyàwó ọmọ mi lọ.

Ọmọbìnrin bánkì yẹn ṣì ń pè mí níparí oṣù pé kí ẹgbẹ́ bá òun fi owó sí bánkì, iye tí wọ́n ní kí òun mú wá ò tí ì pé. Mo ní kó kọ̀wé sí hẹ́ẹ̀dì ọ́fíìsì.