Word Tuntun ti Jáde: Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ̀ Bóyá Kí Ẹ Gbà Á Tàbí Kí Ẹ Dúró Lórí Tàtijọ́

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń gbé wá bá àwa tí a ń tẹ̀wé fún aráyé ni pé, "Word tuntun yìí, ṣé ó dáa?" Ó dáa. Word 2024 dáa ju Word 2010 lọ, kò sẹ́ni tó máa bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló máa sọ bóyá kí ẹ gbà á. Ohun méjì ló máa sọ ọ́: bí àwọn fáìlì tí ẹ ti ní nílẹ̀ ṣe máa rí nínú rẹ̀, àti ohun tí àwọn tí ẹ jọ ń fi fáìlì ránṣẹ́ síra yín ń lò. Tí ẹ bá ti mọ méjèèjì, ìyókù kò ju owó àti dátà lọ. Ọ̀pọ̀ kì í wádìí ọ̀kankan nínú rẹ̀. Wọ́n á rí i lórí laptop ọ̀rẹ́ wọn, á wù wọ́n, wọ́n á gbé e wọlé. Tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n ti ń wá ẹni tó máa bá wọn tún un ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ ṣí Word, ẹ tẹ "File", kí ẹ tẹ "Account" ("Help" ni tó bá jẹ́ 2010). Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gàdàgbà. Tí ẹ ò bá rí "File", tó jẹ́ pé bọ́tìnì rìbìtì kan ló wà lókè lápá òsì, 2007 nìyẹn, kò sí ìwádìí mìíràn. Ẹ má fi nọ́ńbà tí wọ́n máa ń kọ mọ́ ọn ṣe ìpinnu. 12 ni ti 2007, 14 ni ti 2010, 15 ni ti 2013 (wọ́n fo 13 kọjá), ṣùgbọ́n láti 2016 títí dé 2024, 16 ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "16 ni tèmi" kò tíì sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn orúkọ, ẹ wo ọjọ́ orí. Microsoft, ilé iṣẹ́ tó ni Word, ti dá àtúnṣe ààbò dúró lórí 2010 láti ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2020, àti lórí 2013 láti ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2023. Ọjọ́ kan náà ni ti 2016 àti 2019 parí: ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ọjọ́ yẹn náà ni àtìlẹ́yìn Windows 10 sì dópin. Ti 2021 ò kọjá ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Ti 2024 ló ṣì jìnnà díẹ̀, ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 2029.

Pé àtúnṣe parí kò ní kí Word má ṣí mọ́ o. Yóò máa ṣiṣẹ́ lọ bíi tàná. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé tí àwọn oníjìbìtì bá rí ihò kan tí wọ́n lè gbà wọlé nípasẹ̀ fáìlì Word, kò sẹ́ni tó máa dí i fún yín. Nítorí náà, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí fáìlì ti ń wá. Bàbá tó ń fi laptop kọ ìwàásù nínú yàrá rẹ̀, tí kì í fi í wọ íntánẹ́ẹ̀tì, lè máa lo 2010 rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, tí gbogbo èrò ọ̀nà ń ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà yín, tàbí tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń gba ìwé ìwáṣẹ́ lórí ímeèlì ilé iṣẹ́, ẹ kúrò lórí èyíkéyìí tí àtúnṣe rẹ̀ bá ti parí. Èyí ò gba àròjinlẹ̀.

Kọ̀ǹpútà yín ńkọ́?

Office (àpapọ̀ tí Word wà nínú rẹ̀) 2021 àti 2024 kò gbà kí Windows yín kéré sí 10. Microsoft ní 4GB RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí) tó. Lójú tèmi, kò tó. Ẹni tó bá ṣí Word, tó ṣí Chrome, tó tún ṣí WhatsApp sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí 4GB, á máa wo òbìrípo kékeré tó ń yí lójú rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. 8GB ni òfin níbí. Tí owó tó wà lọ́wọ́ yín ò bá ju ti nǹkan kan lọ, ẹ fi ra RAM àti SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì tó yára ju háàdì díìsìkì lọ), kí ẹ fi Word sílẹ̀ ná. Word 2016 lórí SSD á sáré ju Word 2024 lórí háàdì díìsìkì àtijọ́ lọ fíìfíì.

Owó

Ọ̀nà méjì ni Microsoft fi ń tà á. Ẹ lè ra Office 2024 lẹ́ẹ̀kan, kó di tiyín lórí kọ̀ǹpútà kan, ṣùgbọ́n tí òmíràn bá jáde, ẹ ó tún owó san. Tàbí kí ẹ máa san owó Microsoft 365 lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún, kí tuntun máa bá yín nílé. Ọjọ́ tí ẹ ò bá rówó san mọ́, Word á ṣí, ẹ ó lè ka fáìlì yín, ẹ ó lè tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, àmọ́ ẹ ò ní lè fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kì í wọlé déédéé kó yáa ra ti ẹ̀ẹ̀kan.

Ti ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń gbé káàkiri lórí fláàṣì, èyí tó máa ní kí ẹ kọ́kọ́ pa ohun tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì kí ẹ tó fi í sí i: àlejò tó ní kí ẹ so ajá mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé, ẹ ti mọ ohun tó bá wá.

Tí kò bá sówó, ẹ lo LibreOffice. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣí fáìlì docx, ó ń ṣe PDF, ó sì lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Word àtijọ́ láìjà. Fún lẹ́tà, àkọsílẹ̀ ìpàdé àti ìwé ìwáṣẹ́, ó tó gbangba. Ẹ kàn lọ sí "Tools", "Options", "Load/Save", "General", kí ẹ ní kó máa fi fáìlì pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi ti Word, kí ẹni tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí má baà máa pariwo pé òun ò rí i ṣí. Ibi tí mi ò ti ní gbà yín nímọ̀ràn láti lò ó ni pírójẹ́ẹ̀tì yunifásítì tí ọ̀gá tó ń bójú tó o ń kọ nǹkan sí létí tó sì ń dá a padà léraléra. Bí fáìlì bẹ́ẹ̀ bá ń ti inú Word bọ́ sí LibreOffice tó tún ń padà, ojú ìwé rẹ̀ kì í pẹ́ dàrú.

Ìdánwò: ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Ibi yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò.

Ẹ yan fáìlì tó le jù nínú tiyín. Kì í ṣe lẹ́tà olójú ìwé kan. Mo ní kí ẹ mú èyí tó gùn jù, tó ní àkóónú (table of contents) níwájú, tí nọ́ńbà ojú ìwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú i, ii, iii kó tó di 1, 2, 3. Ẹ mú òmíràn tó kún fún àwòrán àti tábìlì. Ẹ mú èyí tó pẹ́ jù, tó ṣì ń jẹ́ .doc. Ẹ mú èyí tí ẹ fi Yorùbá kọ. Ẹ ṣe àdàkọ wọn sínú fódà ọ̀tọ̀, àdàkọ yẹn nìkan ni kí ẹ sì fi dán an wò. Kí ẹ tó kúrò nínú Word àtijọ́, ẹ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di PDF, torí PDF yẹn ni ẹlẹ́rìí tó máa sọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fódà náà lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ti ní tuntun. Ẹ má lo Word orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, fún ìdánwò yìí, torí bó ṣe ń to ojú ìwé kì í bá ti inú kọ̀ǹpútà mu nígbà gbogbo.

Tó bá ṣí, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ojú ìwé tó kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ 82 nínú PDF tó wá di 85, nǹkan ti sún, àkóónú iwájú sì ti ń parọ́. Fọ́ǹtì ló sábà máa ń fà á. Calibri ni Word ń fi bẹ̀rẹ̀ ìwé láti 2007, ṣùgbọ́n tuntun ti fi Aptos rọ́pò rẹ̀. Ìwé tí ẹ bá fi Aptos kọ lónìí, tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lórí 2013, fọ́ǹtì mìíràn ni Word tirẹ̀ máa wá fi dípò, gbogbo ìlà á sì sún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni ẹ ó ti sọ Times New Roman 12 di ti gbogbo ìwé: ẹ tẹ ọfà kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ "Font", ẹ yàn án, ẹ tẹ "Set As Default", kí ẹ mú "All documents based on the Normal template". Tó bá jẹ́ fọ́ǹtì àràmàǹdà lẹ gbọ́dọ̀ lò, ẹ lọ sí "File", "Options", "Save", kí ẹ mú "Embed fonts in the file", kí fọ́ǹtì náà lè bá fáìlì rìn.

Ẹ wo òkè fáìlì .doc yẹn, ẹ ó rí "Compatibility Mode". Word ń sọ pé òun mọ̀ pé ìwé àtijọ́ ni, òun sì ń fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú un. Bọ́tìnì kan wà nínú "File", "Info" tó ń jẹ́ "Convert". Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé ìjọ kan tẹ̀ ẹ́ lórí ìwé ètò ìkórè tí wọ́n ń tún lò lọ́dọọdún, ó sì fi í pamọ́ mọ́ orúkọ kan náà. Àwòrán alága ètò lọ jókòó sórí orin ìyìn, àwọn àpótí ọ̀rọ̀ ń gun ara wọn, àtilẹ̀wá kò sì sí níbì kankan mọ́. Lórí àdàkọ nìkan ni kí ẹ ti máa tẹ "Convert", kí ẹ sì fún un ní orúkọ tuntun.

Ẹ̀yin onímáàtì, oníkẹ́mísírì àti onífísíìsì, ẹ tẹ ìdọ́gba (equation) kan lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé àtijọ́ yín. Equation Editor tí wọ́n fi ń kọ ọ́ nígbà Word 2003, Microsoft ti yọ ọ́ kúrò láti oṣù kìíní ọdún 2018, torí ihò ààbò tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ó rí ìdọ́gba náà, yóò tẹ̀ jáde, àmọ́ ó lè má ṣeé tún ṣe. Tí ìwé yín bá kún fún irú rẹ̀, ẹ fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan sílẹ̀ fún un, tàbí kí ẹ múra láti tún wọn kọ.

Ti Yorùbá wá. Àwọn fọ́ǹtì kan wà láyé àtijọ́ tí wọ́n ya ẹ àti ọ sí ipò àmì mìíràn. Fáìlì tí wọ́n fi kọ, tí fọ́ǹtì náà ò bá sí lórí kọ̀ǹpútà tuntun, rádaràda ni ẹ ó rí. Kì í ṣe Word ló bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lábẹ́ fọ́ǹtì náà látọjọ́ yìí wá. Ẹ wá fọ́ǹtì náà rí kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà àtijọ́ tì. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi "Replace" pààrọ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà gidi. Láti tẹ lẹ́tà gidi, ẹ kọ 1EB9, ẹ tẹ Alt àti X pọ̀, á di ẹ. 1ECD ni ọ, 1E63 ni ṣ. Àmì ohùn òkè ni 0301, ti ohùn ìsàlẹ̀ ni 0300, ẹ̀yìn lẹ́tà náà gan-an ni wọ́n ń wà. Ibì kan wà tó máa ń dààmú èèyàn: tí a, b, d, e tàbí f bá ṣáájú nọ́ńbà yẹn, bíi nígbà tí ẹ fẹ́ kọ "bẹ", Word á ka b mọ́ nọ́ńbà, á sì bí nǹkan àjèjì. Ẹ fi eku kọ̀ǹpútà pa nọ́ńbà yẹn nìkan láró kí ẹ tó tẹ Alt àti X.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e wọlé

Tí ìdánwò bá ti yọrí, alẹ́ Sátidé ni, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń gba pírójẹ́ẹ̀tì. Láti 2016 síwájú, ẹ̀dà méjì kì í sábà gbé pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan, nítorí náà ẹ kọ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ (product key) ti àtijọ́ sínú ìwé kí ẹ tó yọ ọ́.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ máa ń kábàámọ̀. Gbogbo ìkékúrú tí ẹ ti kọ́ Word, bíi kí "yun" di "yunifásítì", ń gbé nínú àwọn fáìlì kan tí kì í bá yín lọ fúnra wọn. Ẹ pa Word dé pátápátá. Ẹ kọ %appdata%\Microsoft\Templates sí ojú àdírẹ́sì fódà, ẹ mú Normal.dotm. Ẹ tún lọ sí %appdata%\Microsoft\Office, ẹ mú gbogbo èyí tó bá parí sí .acl. Ẹ kó wọn sórí fláàṣì, kí ẹ dá wọn padà síbi kan náà tí tuntun bá ti wọlé. Tí Word bá ṣì wà ní ṣíṣí nígbà tí ẹ bá ń dá wọn padà, yóò kọ tirẹ̀ lé wọn lórí nígbà tó bá ń padé.

Gbígbé e wọlé fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà, dátà ló ń jẹ. Tó bá parí, ẹ lọ sí "File", "Options", "Save", kí ẹ mú "Save to Computer by default". Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, orí OneDrive (ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ni yóò máa fẹ́ kó ìwé yín lọ, pẹ̀lú dátà tí ẹ fowó yín rà.